Kí Ni Wọ́n Fẹ́ Rà Lọ́wọ́ Rẹ? Ọ̀rọ̀ Lórí Fellowship àti Iṣẹ́ Olùkọ́ ní Yunifásítì

(Abẹ́òkúta ni mo ti bá àwọn ọ̀dọ́ sọ ọ̀rọ̀ yìí. Bí mo ṣe sọ ọ́ náà ni mo ṣe kọ ọ́ síbí.)

Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin olóyè tí ẹ fi iṣẹ́ oòjọ́ yín sílẹ̀ wá jókòó tì wá, mo júbà, kí ìbà mi ṣẹ. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ọmọ Líṣàbi, mo kí yín. Ẹ̀yin tí ẹ kì í ṣe Ẹ̀gbá, ṣùgbọ́n tí ẹ jọ ń mu omi odò Ògùn pẹ̀lú wa, mo kí ẹ̀yin náà. Ẹ kú ìjókòó, ẹ kú oòrùn. Mo rí i pé fáànù tó wà lẹ́yìn ọ̀hún ò ṣiṣẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ wà níbẹ̀, ẹ sún mọ́ iwájú, ẹ má bẹ̀rù, mi ò ní pe ẹnikẹ́ni dìde kó wá dáhùn ìbéèrè.

Kí n tó wọnú ọ̀rọ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ rí fellowship gbà. Mo sáré lọ bá ìyá mi ní ìsọ̀ wọn ní Ìtòkú, níbi tí wọ́n ti ń ta àdìrẹ. Mo ní, "Màámi, wọ́n ti fún mi ní fellowship o!" Màámi ò dá iṣẹ́ ọwọ́ wọn dúró. Wọ́n ń ká àdìrẹ kan lọ́wọ́. Wọ́n ká a tán, wọ́n fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ kó lè dọ́gba, wọ́n gbé e lé orí àwọn tó kù. Wọ́n wá ní, "Olúwa ṣeun. Ọjọ́ wo lọ́sẹ̀ ni wọ́n ń ṣe é? Ṣé kì í ṣe òru?"

Ẹ ń rẹ́rìn-ín. Àbí wọ́n jẹ̀bi ni? Níbi tí a wà yìí, ta ló gbọ́ fellowship tí kì í ronú kan àtẹ́wọ́ àti àdúrà? Mo wá ń ṣàlàyé. Mo ní owó ni wọ́n fẹ́ máa fún mi, kí n lè fara balẹ̀ ṣe ìwádìí fún ọdún méjì. Wọ́n gbójú sókè wò mí. Wọ́n ní, "Kí ni ìwọ máa fún wọn?" Mo ní mi ò ní fún wọn ní nǹkan kan. Màámi rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, mo ti ń tajà láti ọdún tí mi ò tíì bí ọ. Kò sí ẹni tó ń na owó láìra nǹkan. Lọ wádìí ohun tí wọ́n fẹ́ rà lọ́wọ́ rẹ."

Ìbéèrè tí màámi bi mi lọ́jọ́ náà ni mo gbé wá síbí lónìí. Kí ni wọ́n fẹ́ rà lọ́wọ́ rẹ?

Ohun tí wọ́n fẹ́ rà

Ó kéré tán, lóṣooṣù, ọmọ kan á wá bá mi. Á ní, "Ọ̀gá, first class ni mo ní, mo ti kọ̀wé sí ibi mẹ́wàá, wọn ò mú mi." Màá bi í pé, "Kí lo fẹ́ mọ̀?" Á ní, "Mo fẹ́ ṣe masters." Màá ní, "Rárá, ìyẹn lohun tí o fẹ́ gbà. Kí lo fẹ́ mọ̀?" Ibẹ̀ ló máa ń dákẹ́.

Ẹ gbọ́ mi o. Èsì ìdánwò ló ń jẹ́ kí wọ́n ṣí ilẹ̀kùn, kì í ṣe òun ni wọ́n fẹ́ rà. Àwọn tó ní first class pọ̀ bí eèrà ní gbogbo ayé. Ohun tí wọ́n ń rà ni ìbéèrè, ìbéèrè tó dára, tó yé ẹni tó ń bi í, tí kò sì tíì sí ẹni tó dáhùn rẹ̀. Ẹni tó bá ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́, tó sì lè sọ ọ̀nà tí òun máa gbà wá ìdáhùn rẹ̀, ọjà ti wà lórí igbá rẹ̀ nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí n mú yín lọ sí Aró, ilé ìwòsàn àwọn tí orí wọn dàrú. Kò jìnnà síbi tí a jókòó sí yìí. Nígbà tí a wà lọ́mọdé, orúkọ Aró ni wọ́n fi ń bú ènìyàn. "Ó yẹ kí wọ́n gbé ẹ lọ sí Aró!" Ṣé irọ́ ni mo pa? Ṣùgbọ́n ní 1954, ọmọ Abẹ́òkúta kan dé síbẹ̀. Thomas Adéoyè Lámbò ni. 1923 ni wọ́n bí i, Baptist Boys' High School tiwa yìí ló lọ kó tó lọ kọ́ṣẹ́ dókítà ní Birmingham. Láyé ìgbà yẹn, ẹni tí orí rẹ̀ bá dàrú, ilé tí wọ́n á tì í mọ́ ni wọ́n ń wá fún un. Lámbò bi ara rẹ̀ ní ìbéèrè: ṣé báyìí náà la ṣe ń tọ́jú aláìsàn nílé wa? Nígbà wo ni Yorùbá ya aláìsàn kúrò lọ́dọ̀ ẹbí rẹ̀?

Ló bá kó àwọn aláìsàn sí ilé àwọn àgbẹ̀ ní àwọn abúlé tó yí Aró ká. Ẹbí aláìsàn kan á bá a wá, á máa se oúnjẹ fún un. Tílẹ̀ bá mọ́, aláìsàn á wá gba ìtọ́jú, tó bá ṣe, á padà sí abúlé láàárín àwọn tó ń gbọ́ èdè rẹ̀. Ó pe àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ náà mọ́ra. Àwọn kan rò pé òun gan-an lorí rẹ̀ dàrú. Ṣùgbọ́n ní 1961, Abẹ́òkúta níbí ni àwọn dókítà ọpọlọ láti oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè péjọ sí fún ìpàdé àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní gbogbo Áfíríkà. Alexander Leighton àti àwọn èèyàn rẹ̀ kó ẹrù láti Yunifásítì Cornell ní Amẹ́ríkà, wọ́n wá bá Lámbò ṣèwádìí ní àwọn abúlé wa. Lámbò di ọ̀gá àgbà Yunifásítì Ìbàdàn ní 1968, ó sì di igbákejì ọ̀gá àgbà àjọ ìlera àgbáyé lẹ́yìn náà.

Ẹ wò ó dáadáa. Cornell ló wá sí Aró. Kí ni wọ́n wá rà? Ìbéèrè ni.

Ẹ̀ẹ̀kejì. Ní 1960, ọmọ Aké kan padà dé láti Gẹ̀ẹ́sì. Kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Wọlé Ṣóyínká ni. Owó ìwádìí láti ọ̀dọ̀ àjọ Rockefeller ní Amẹ́ríkà ló gbé e délé. Kí ni ìbéèrè rẹ̀? Ó fẹ́ mọ bí eré orí ìtàgé tiwa ṣe rí, nínú ọdún ìbílẹ̀, nínú egúngún, nínú ìjó. Ó ra Land Rover, ó ń ti ìlú kan bọ́ sí òmíràn. Ohun tí àwa ń sáré kúrò nídìí rẹ̀, àwọn kan sanwó fún un pé kó lọ wò ó wá.

Saburi Bíòbákú náà ńkọ́, ọmọ Ìgbórè? Nígbà tó fẹ́ gboyè ọ̀mọ̀wé ní Lọ́ńdọ̀nù, ìtàn àwọn Ẹ̀gbá àti àwọn aládùúgbò wọn ló gbé lọ bá wọn. Ó di ọ̀gá àgbà Yunifásítì Èkó ní 1965.

Ní tèmi, mi ò tó ẹni tí à ń kà mọ́ àwọn wọ̀nyẹn. Ṣùgbọ́n ìsọ̀ màámi ni ìbéèrè tèmi ti wá. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ibi tí wọ́n ti ń rẹ aró, ẹ mọ̀ pé kì í ṣe ewé èlú nìkan ni wọ́n ń lò mọ́. Kẹ́míkà inú ike ni, àti kọ́sítíìkì sódà tó ń bó ọwọ́. Tí wọ́n bá ṣe tán, wọ́n á da omi náà nù. Gọ́tà tó wà lẹ́yìn ilé wa, lọ́jọ́ Ajé ó lè jẹ́ búlúù, lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kó pupa bí ẹ̀jẹ̀. Lọ́jọ́ kan, ọmọ àbúrò mi, ọmọ ọdún mẹ́rin, ó bi mí pé, "Bọ̀ọ̀dá, níbo ni omi búlúù yẹn ń lọ?" Mo ní ó ń lọ sódò. Ó ní, "Ṣé odò náà á wá di búlúù?" Ẹ jọ̀ọ́, mo ti gba oyè ìjìnlẹ̀ kejì nínú kẹ́mísìrì nígbà yẹn o, mi ò sì mọ ohun tí màá sọ fún ọmọ ọdún mẹ́rin. Ìbéèrè rẹ̀ yẹn gan-an, tí mo fi aṣọ yunifásítì wọ̀, ni wọ́n fi fún mi ní fellowship.

Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ yín. Ta ló mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú omi láfún láàárín ọjọ́ kìíní sí ọjọ́ kẹta? Ta ló mọ̀ bóyá eruku ibi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta ń ṣe àwọn tó ń gbé nítòsí ní nǹkan? Kí ló dé tí ìrẹsì ọ̀fàdà fi wọ́n ju èyí tó wọ ọkọ̀ ojú omi wá? Ẹ má sọ pé kò sí ìbéèrè.

Ọ̀nà kan ò wọ ọjà

Ẹ jẹ́ ká wá sọ ti ibi tí ènìyàn lè gbé ìbéèrè rẹ̀ lọ. Mi ò lè ka gbogbo rẹ̀ tán, mi ò sì fẹ́ kí ẹ máa kọ orúkọ sílẹ̀ bí ẹni tó ń kọ nọ́ńbà tẹ́tẹ́.

Ní Amẹ́ríkà, ohun tó pọ̀ jù ni assistantship. Wọ́n á mú owó iléèwé kúrò lọ́rùn rẹ, wọ́n á máa fún ọ ní owó tí o máa fi jẹun, ìwọ náà á máa kọ́ àwọn ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé tàbí kí o máa ṣiṣẹ́ nínú láàbù ọ̀jọ̀gbọ́n kan. Ó sábà máa ń tó ogún wákàtí lọ́sẹ̀. Ti Jámánì, Netherlands àti Sweden yàtọ̀. Lọ́dọ̀ tiwọn, ẹni tó ń kàwé gba oyè ọ̀mọ̀wé, òṣìṣẹ́ ni wọ́n sábà máa ń pè é. Wọ́n á kéde àyè náà bí wọ́n ṣe ń kéde iṣẹ́, o máa fọwọ́ síwèé àdéhùn, wàá máa gba owó oṣù, wọ́n sì máa yọ owó orí nínú rẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó bá ń wá "scholarship Jámánì" nìkan, ó ti fo ọ̀pọ̀ àyè kọjá láìmọ̀.

Tó o bá ti gba oyè ọ̀mọ̀wé tán, postdoc ló kàn, ìyẹn ìwádìí tí wọ́n ń sanwó fún ọ láti ṣe lẹ́yìn oyè náà. Àjọ Humboldt, tó ń fún àwọn olùwádìí lówó, wà ní Bonn ní Jámánì, wọn kì í ka iye èèyàn tó ti orílẹ̀-èdè kan wá, wọn kì í sì sọ pé ẹ̀kọ́ báyìí nìkan ni àwọn fẹ́. Ti àwọn ará Yúróòpù tí wọ́n fi orúkọ Marie Skłodowska-Curie pè wà fún ọmọ orílẹ̀-èdè èyíkéyìí, bí ìrírí ìwádìí rẹ lẹ́yìn oyè ọ̀mọ̀wé kò bá tíì ju ọdún mẹ́jọ lọ. Oṣù kẹsàn-án ni wọ́n máa ń tì í, ẹ kọ ìyẹn sílẹ̀. TWAS, ẹgbẹ́ onímọ̀ sáyẹ́ǹsì fún àwọn orílẹ̀-èdè tó ń gòkè àgbà, wà ní Trieste ní Ítálì. Abdus Salam, ọmọ Pakistan tó gba ẹ̀bùn Nobel, ló ṣáájú àwọn tó dá a sílẹ̀ ní 1983, nítorí àwa tí a wà ní irú orílẹ̀-èdè wa yìí gan-an. Ó lè mú ọ lọ sí Íńdíà tàbí Bràsíl. Ẹ má fojú kéré ìyẹn. Àwọn kan rò pé bí kò bá jẹ́ ibi tí yìnyín ti ń já bọ́, kì í ṣe òkè òkun.

Ẹni tí kò fẹ́ kó kúrò nílé ńkọ́? Ó wà fún un. Commonwealth ní ètò kan tí wàá fi máa kàwé ọ̀mọ̀wé rẹ níbí, kí o wá lọ lo bí ọdún kan ní Gẹ̀ẹ́sì nínú rẹ̀. DAAD, àjọ Jámánì tó ń fún akẹ́kọ̀ọ́ lówó ìkàwé, ń sanwó fún àwọn ọmọ Áfíríkà láti kàwé ní Áfíríkà. CARTA, ètò ẹ̀kọ́ ọ̀mọ̀wé tí àwọn yunifásítì Áfíríkà jọ ń ṣe, wà fún àwọn tí iṣẹ́ wọn kan ìlera àwùjọ. Yunifásítì Ìbàdàn àti ti Ilé-Ifẹ̀ wà lára àwọn tó dá a sílẹ̀. IITA, ibùdó ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ àgbáyé, wà ní Ìbàdàn láti 1967. Àǹfààní náà tún dé Àlàbàtà tiwa yìí, ní yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1988. Ibẹ̀ wà lára àwọn ibi tí Báńkì Àgbáyé gbé owó ibùdó ìmọ̀ sí láti 2014, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láti orílẹ̀-èdè mìíràn sì ń wá síbẹ̀ wá kàwé. Ẹlòmíràn ń ti Kútọ̀ wo Kánádà, ará orílẹ̀-èdè mìíràn sì ń wọ ọkọ̀ lọ sí Àlàbàtà.

Ọ̀kan ṣoṣo kù tí mo fẹ́ dúró lé lórí. Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ Yorùbá, ẹ̀yin ará iléèwé àwọn olùkọ́ ní Ọ̀síẹ̀lẹ̀, ẹ gbójú sókè. Fulbright, ètò ẹ̀kọ́ ti ìjọba Amẹ́ríkà, ní ẹ̀ka kan tí wọ́n ń pè ní FLTA. Wọ́n ń mú ènìyàn láti ibí lọ sí yunifásítì ní Amẹ́ríkà láti fi bí oṣù mẹ́sàn-án kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọn ní Yorùbá. Yorùbá yìí kan náà, èyí tí wọ́n ń bú yín sí pé kí lẹ fẹ́ fi ṣe. Ọ̀rẹ́bìnrin ìyàwó mi kan lọ. Ó sọ fún wa pé ohun tó ṣòro jù láti kọ́ wọn kì í ṣe àmì ohùn. Ìkúnlẹ̀ ni. Wọ́n bi í pé, "Tí mo bá kí bàbá mi lórí fóònù, ṣé màá kúnlẹ̀?" Ó ní òun ronú títí, òun wá rántí pé ìyá òun gan-an máa ń tẹrí ba tí bàbá àgbà bá pè. Ó sọ ọ́ di ẹ̀kọ́ ọjọ́ kan. Ẹ yẹ ohun tí wọ́n kéde lọ́dún tí ẹ bá fẹ́ lọ wò dáadáa, nítorí ètò ìjọba a máa yí padà.

Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ

Mo fẹ́ kí ẹ fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ díẹ̀. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, mo jókòó lóru ọjọ́ kan, mo kọ lẹ́tà kan ṣoṣo, mo fi ránṣẹ́ sí ọ̀jọ̀gbọ́n mẹ́tàlélógójì. Orúkọ nìkan ni mò ń yí padà. "Mo ti gbọ́ nípa iṣẹ́ ńlá tí ẹ ń ṣe." Èwo niṣẹ́ ńlá? Mi ò mọ̀. Ẹnì kan ṣoṣo ló dá mi lóhùn, obìnrin kan ní Sweden. Ìlà méjì ló kọ. Ó ní, "O ṣeun. Ṣùgbọ́n orúkọ mi kọ́ nìyí."

Oorun ti kùn mí, mo gbàgbé láti yí orúkọ ẹni tó ṣáájú rẹ̀.

Àwọn bàbá wa ní ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ta lò ń kọ̀wé sí? Kí ló kọ lọ́dún tó kọjá? Ka ọ̀kan nínú rẹ̀ láti òkè délẹ̀. Kò yé ọ tán? Kò burú, ibi tí kò ti yé ọ yẹn gan-an lè jẹ́ ìbéèrè rẹ. Ọdún kan lẹ́yìn ìtìjú yẹn, lẹ́tà mẹ́rin péré ni mo kọ. Bí ọ̀kan ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyí: "Mo ka iṣẹ́ yín lórí bí aró ṣe ń wọ inú ilẹ̀ oníyanrìn. Ìlú tèmi, orí òkúta la kọ́ ọ lé. Ǹjẹ́ ẹ rò pé omi aró náà á wọlẹ̀ bẹ́ẹ̀ níbí, àbí ṣe ló máa ṣàn lọ sódò ní tààrà?" Mi ò sọ pé mo jẹ́ akíkanjú. Mi ò fi CV ojú ìwé mẹ́sàn-án ránṣẹ́. Láàárín ọjọ́ méjì, bàbá náà dáhùn. Ó ní, "Mi ò mọ̀. Ṣé o lè wọ̀n ọ́n?" Ọ̀nà ṣí nìyẹn. Lẹ́yìn náà ló kọ ìwé pé òun gbà láti gbà mí sọ́dọ̀. Irú ìwé ẹni tó máa gbà ọ́ sọ́dọ̀ bẹ́ẹ̀, ẹ mọ̀ pé ọ̀pọ̀ fellowship, ti Humboldt náà wà lára wọn, kì í wo ìwé rẹ láìsí i.

Ti àwọn tó máa jẹ́rìí ẹni náà wà. Ẹ fún wọn láyè. Ẹ má pe olùkọ́ yín ní alẹ́ ọjọ́ Àìkú pé ọjọ́ Ajé ló máa parí. Ẹ fi ohun tí ẹ kọ ránṣẹ́ sí i, kó lè mọ ohun tó máa sọ. Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi tí ẹ wà níbí, ẹ má bínú sí mi, ṣùgbọ́n àṣà "lọ kọ ọ́ wá kí n buwọ́ lù ú" yìí, kò dáa. Ọmọ ọdún méjìlélógún ò lè kọ̀wé bí ẹni tó ti fi ogún ọdún kọ́ni. Ẹni tó bá kà á lọ́hùn-ún á mọ̀, ọmọ náà ló sì máa jìyà rẹ̀.

Transcript, ìwé èsì gbogbo ìdánwò ẹni, ńkọ́? Á à! Iléèwé tí mi ò ní dárúkọ ló fi oṣù méje gbé tèmi jókòó. Mo lọ títí, bàtà mi jẹ. Lọ́jọ́ tí wọ́n rí fáìlì mi, ibo ni wọ́n ti rí i? Fáànù orí tábìlì kan tí kò dọ́gba ni wọ́n fi ń tì lẹ́sẹ̀. Mo rí orúkọ mi lára rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà. Àyè tí mo fẹ́ fi gbà ti lọ nígbà náà. Nítorí náà, ẹ má dúró kí ẹnikẹ́ni tó gbà yín kí ẹ tó lọ béèrè tiyín.

Iṣẹ́ olùkọ́ nílé

Ẹ jẹ́ ká padà wálé. Àwọn kan nínú yín fẹ́ di olùkọ́ ní yunifásítì níbí, èmi náà fẹ́ bẹ́ẹ̀ nígbà kan rí.

Ìgbà tí mo kọ́kọ́ gbìyànjú, ìkéde inú ìwé ìròyìn ní kí a mú ẹ̀dà ogún wá. Ogún! Lẹ́tà, CV, gbogbo ìwé-ẹ̀rí láti ọjọ́ tí mo ti ń lọ sí iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Mo lọ sí Pánṣẹ́kẹ́ lọ ṣe fọ́tòkọ́pì. Ó ku ẹ̀dà mẹ́fà, wọ́n mú iná lọ. Ọmọkùnrin náà fa okùn jẹnẹrétọ̀ títí, ó ní epo ti tán. A jọ rìn lọ ra epo. Nígbà tí a dé, òjò bẹ̀rẹ̀, afẹ́fẹ́ gbé ojú ìwé mélòó kan kúrò lórí tábìlì, ọ̀kan lọ lẹ̀ mọ́ ara garawa ìyá oníyánrin. Ìyá náà ló nù ún fún mi. Ó kà á, ó ní, "Háà, o mọ̀wé o. Ọlọ́run á fún ẹ níṣẹ́." Inú báàgì Ghana-must-go ni mo kó o sí lọ. Mi ò gbọ́ ohùn wọn títí dòní.

Ohun tí mi ò mọ̀ nígbà náà ni mo fẹ́ sọ fún yín. Àtẹ̀gùn ni iṣẹ́ yìí. Graduate Assistant ló wà nísàlẹ̀, èsì tó dára gan-an ni wọ́n fi ń mú un. Assistant Lecturer tẹ̀ lé e, Lecturer II, Lecturer I, Senior Lecturer, Reader, kó tó wá kan ọ̀jọ̀gbọ́n. Bí o bá jókòó sí ìsàlẹ̀ láìgba oyè ọ̀mọ̀wé, ibẹ̀ ni wàá jókòó sí. Ìjọba kì í gba olùkọ́ síṣẹ́ nígbà gbogbo, ìgbà tí wọ́n bá fẹ́ gbà á ni wọ́n ń gbà á. Lára àwọn ọdún tí mo dúró, embargo ló fà á, ìyẹn àṣẹ ìjọba pé kí wọ́n má gba òṣìṣẹ́, kì í ṣe èmi ni mi ò tó.

Ṣé àwọn kan ń fi ẹni tí wọ́n mọ̀ wọlé? Bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n bi èmi náà léèrè rí pé, "Ta ló rán ọ wá?" Mo ní èmi ni mo rán ara mi. Wọ́n ní ó dáa, wọ́n á pè mí. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ sọ òtítọ́ kejì tí àwọn èèyàn ò fẹ́ gbọ́. Ibi tí mo rí iṣẹ́ gbà níkẹyìn, kò sẹ́ni tó mọ̀ mí níbẹ̀. Wọ́n ń wá ẹni tó lè kọ́ ẹ̀kọ́ kan tí kò sí olùkọ́ rẹ̀ nínú ẹ̀ka náà, èmi sì ti kọ́ ọ fún ọdún kan ní iléèwé mìíràn, pẹ̀lú owó tí kò tó owó ọkọ̀. Mo ní àpilẹ̀kọ mẹ́ta tó ti jáde. Ẹ lọ wo ibi tí wọ́n ti ń ṣaláìní olùkọ́, kì í ṣe ibi tí èrò pọ̀ sí.

Owó ńkọ́? Ẹ má tan ara yín jẹ. Iṣẹ́ yìí kì í ṣe iṣẹ́ ọlà. Ní 2022, oṣù mẹ́jọ ni a fi daṣẹ́ sílẹ̀, láti oṣù kejì sí oṣù kẹwàá, ẹ̀yin náà jókòó sílé pẹ̀lú wa. Mo mọ olùkọ́ tó ń wa Bolt nígbà náà, tó gbé akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀. Wọn ò sọ̀rọ̀ títí wọ́n fi dé ibi tí wọ́n ń lọ. Ṣùgbọ́n àwọn àǹfààní kan wà níbẹ̀. Bí o bá wà ní iléèwé ìjọba, TETFund wà, owó tí àwọn ilé-iṣẹ́ ń san lórí èrè wọn, a máa rí i lò fún ìwádìí àti fún kíkàwé sí i. Olùkọ́ iléèwé aládàáni kì í rí i gbà, ẹ fi ìyẹn sọ́kàn tí ẹ bá ń yan ibi tí ẹ máa lọ. Ọ̀jọ̀gbọ́n sì lè ṣiṣẹ́ títí di ọmọ àádọ́rin ọdún.

Àwọn gbájúẹ̀

Èyí ò gùn. Ẹni tó bá ní o ti gba fellowship tí o kò kọ̀wé sí, tó ní kí o san owó kí wọ́n lè tú owó sílẹ̀ fún ọ, olè ni. Ẹ má jẹ́ kí ojú kòkòrò tàn yín. Ó yàtọ̀ sí owó fọ́ọ̀mù tí àwọn yunifásítì Amẹ́ríkà ń gbà o, ìyẹn tòótọ́ ni, ẹ sì lè kọ̀wé pé kí wọ́n yọ̀ǹda yín, ọ̀pọ̀ ló máa ń gbà. Àwọn ìwé ìròyìn ìwádìí tó máa gba iṣẹ́ rẹ lọ́jọ́ mẹ́ta tí o bá ti sanwó, ẹ sá fún wọn. Ẹgbẹ́ mi kan gbé méje irú rẹ̀ lọ síwájú àwọn tó fẹ́ gbé e ga sípò, wọn ò ka ọ̀kan. Ẹni tó bá ta ọjà erùpẹ̀, yóò gba owó òkúta.

Lílọ àti bíbọ̀

Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ nípa japa. Mi ò fẹ́ bá ẹnikẹ́ni jà. Ẹ kàn mọ̀ pé bí owó ìlú bá gbé ọ lọ, tí o buwọ́ lùwé pé wàá padà wá ṣiṣẹ́, ìwé yẹn kì í ṣe eré. Àwọn tó lọ tí wọn ò bọ̀, àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn wọn ló ń san án. Bí o kò bá fẹ́ padà, gba owó àwọn tí kò ní kí o padà. Ìyẹn náà wà, kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀.

Èmi padà wá. Ó ní ìdí. Gọ́tà tó wà lẹ́yìn ilé wa kò tíì mọ́, odò náà ni mo sì ń wọ̀n.

Ẹni tó ni gbọ̀ngàn ti wò mí lẹ́ẹ̀mejì, mo rí wọn. Mo ti sọ fún àwọn tó pè mí pé mi ò ní lọ títí aago márùn-ún. Màá jókòó sídìí tábìlì tó wà lẹ́bàá fèrèsé ọ̀hún. Ẹ má mú CV wá. Ẹ ya bébà kan, ẹ kọ ohun tí ẹ fẹ́ mọ̀ sí i, ní ìlà kan ṣoṣo, kí ẹ mú un wá. Ẹni tó fẹ́ kọ ọ́ ní Yorùbá, kó kọ ọ́ ní Yorùbá. Arákùnrin tó wọ fìlà pupa, mo rí i pé o ti ń kọ tìrẹ. Ìwọ ni màá kọ́kọ́ rí.